Àlùmọ́gàjí Ìyá Ọ̀gá Dé Ibi Ọ̀sẹ̀ Oge l'Ékòó

Ìrun àsùbáà ni mo kí tán tí mo fi gbé báàgì mi kọ́ èjìká. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ ní abúlé wa tó wà lẹ́yìn Akínyẹlé, ìrì ṣì wà lórí ewé ẹ̀gẹ́. Ọlọ́kadà tó wá gbé mi ti ń fọn fèrè níwájú ilé bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Èkó ni mo ń lọ. Kì í ṣe pé mo ń lọ sin òkú, n kò sì lọ ra ọjà. Aṣọ ni mo ń lọ wò. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Èmi Ṣìfáwù, télọ̀ tí aṣọ kún ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ débi pé oníbàárà kò ríbi jókòó, èmi náà ni mo wọ ọkọ̀ lọ wo aṣọ ní ìlú onílùú.

Ẹni tó ni aṣọ náà ló fa gbogbo rẹ̀. Mojísọ́lá ni. Èmi àti òun la jọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Ìyá Ọ̀gá ní Mọ́níyà. Orí bẹ́ǹṣì kan náà la máa ń jókòó sí, inú abọ́ kan náà la sì ti ń mu gààrì lọ́sàn-án. Ó ku díẹ̀ kí àwa méjèèjì ṣe fríìdọ̀mù ni Mojísọ́lá fi áyọ́ọ̀nù jó léèsì ìyàwó olóyè kan, ihò náà sì fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Kàkà kó dúró kó bẹ̀bẹ̀, ẹ̀yìnkùlé ló gbà sá lọ. Ìyá Ọ̀gá búra lójú gbogbo wa pé òun kò ní fún un ní fríìdọ̀mù láéláé.

Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ṣẹ́ ọwọ́ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Ọmọ iṣẹ́ á kúnlẹ̀, ọ̀gá á gbé irinṣẹ́ lé e lọ́wọ́, á ṣàdúà fún un, gbogbo èèyàn á ṣe àmín. Ẹni tí kò bá gba ìyẹn, bó tiẹ̀ mọ iṣẹ́ ju ọ̀gá rẹ̀ lọ, a gbà pé iṣẹ́ náà kò ní gbè é. Èmi gbà á. Wọ́n da pàúdà sí mi lọ́rùn, wọ́n yà mí ní fọ́tò, sátífíkéètì mi ṣì wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n ta ni wọ́n ń fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù pé, "Ṣé kì í ṣe ẹni tí ẹ jọ kọ́ṣẹ́ nìyí?" Mojísọ́lá ni. Màá dáhùn pé òun ni, màá sì pa fóònù náà. Mò ń jowú rẹ̀. Mo ti ń jowú rẹ̀ tipẹ́, n kò sì ní pa á mọ́ fún yín.

Nígbà tí ó pè mí pé wọ́n fẹ́ fi àwọn aṣọ òun hàn ní ọ̀sẹ̀ oge, pé kí n jọ̀ọ́ wá, kí n sì bá òun kí Ìyá Ọ̀gá, kíá ni mo lọ jíṣẹ́. Mo rò pé wọ́n á bú u ni, inú mi sì ti ń dùn sílẹ̀. Ojú Ìyá Ọ̀gá ti di bàìbàì báyìí, ẹsẹ̀ wọn kò sì lè rìn jìnnà mọ́. Wọn kò bú u. Wọ́n ní kí n bá àwọn fa àpótí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì jáde. Àlùmọ́gàjí wọn ni wọ́n yọ níbẹ̀, irin dúdú tó wúwo, èyí tí wọn kì í jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ kankan fọwọ́ kàn.

"Ṣìfáwù," wọ́n ní, "mú èyí lọ fún Mojísọ́lá. Kó kúnlẹ̀ gbà á. Kí ìwọ gbẹnu mi ṣàdúà fún un. N ò fẹ́ kú pẹ̀lú fríìdọ̀mù ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́ mi."

Mo ní, "Ìyá, ṣé kí n kúkú ra tuntun fún un lọ́jà?"

"Tuntun ni mo fún ìwọ. Èyí ni kó o mú fún un."

Inú bí mi. Tèmi tí wọ́n fún mi lọ́jọ́ fríìdọ̀mù, inú ọ̀rá ló wà, ọdún Iléyá kò tíì dé tí ẹnu rẹ̀ fi ṣí. Èmi tí mo dúró, tuntun ọjà ni mo gbà. Ẹni tó sá lọ ni wọ́n fẹ́ fún ní èyí tí ọwọ́ wọn ti ń dì mú láti ìgbà ọ̀dọ́ wọn. Mo fi aṣọ wé e, mo tì í sí ìsàlẹ̀ báàgì, orí rẹ̀ ni mo kó mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀kọ tí mo fẹ́ jẹ lọ́nà lé.

Ẹgbẹ̀rún kan náírà ni ọlọ́kadà gbà dé Mọ́níyà. Ọ̀nà náà kò dára, kòtò ló kún un, àwọn obìnrin tó ń ru ẹrù oko lọ sọ́jà sì ti gba ẹ̀gbẹ́ kan ọ̀nà. Ibùdó ọkọ̀ ojú irin tó wà níbẹ̀ tóbi, ilẹ̀ rẹ̀ ń dán débi pé mo kọ́kọ́ fẹ́ bọ́ bàtà. Ìlà ni wọ́n ní ká tò. Ní ọ̀dọ̀ wa, èjìká la fi ń wọ ọkọ̀, ẹni tó bá lágbára ló ń jókòó sítòsí fèrèsé. Níbí, nọ́ńbà ìjókòó ẹnì kọ̀ọ̀kan wà lára tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, bí o tilẹ̀ dé kẹ́yìn, ààyè rẹ ń dúró dè ọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé bóyá bí ayé Mojísọ́lá ṣe rí nìyẹn. Ó dé kẹ́yìn, ààyè sì ń dúró dè é.

Òtútù inú ọkọ̀ náà pọ̀. Mo fi gèlè bo èjìká. Igbó ń sáré kọjá lójú fèrèsé, a dé Ọmí-Adió, a kọjá àpáta Abẹ́òkúta. Wọ́n ń ta ohun kan tí wọ́n ń pè ní mìíìtì páì, ìyẹ̀fun tí wọ́n fi bo ẹran gígún díẹ̀. Mo ra ẹyọ kan láti tọ́ ọ wò. Ẹran inú rẹ̀ kò tó èyí tó máa ń há mi léyín. Mo padà sórí mọ́ínmọ́ín mi. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá ki ọwọ́ bọ báàgì, irin tútù yẹn ni ọwọ́ mi ń bá.

Ẹ̀bùté Mẹ́ta la sọ̀ sí. Mo wọ takisí lọ sí Erékùṣù, ọmọ Ìsẹ́yìn ni awakọ̀ náà. Nígbà tí mo sọ ibi tí mò ń lọ fún un, ó fi dígí wò mí látòkèdélẹ̀.

"Ìyá, ibi àwọn ológe? Ṣé ẹ̀yin náà ń lọ ṣe mọ́dẹ̀ẹ̀lì ni?"

"Kí ló burú níbẹ̀?"

"Kò burú o. Àwọn tí mo máa ń gbé lọ síbẹ̀ ni mo rò, egungun lásán ni wọ́n. Ẹ̀yin, ẹ ti jẹun kánú."

Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ mo fa bùbá mi sísàlẹ̀. A gun afárá gígùn kan tí omi wà lọ́tùn-ún lósì, tí ojú kò rí òpin rẹ̀. Ọkùnrin náà ń sọ̀rọ̀ epo ọkọ̀ tó wọ́n, mo ń dá a lóhùn, ọkàn mi wà lọ́dọ̀ Mojísọ́lá. Mò ń bẹ Ọlọ́run pé kí aṣọ rẹ̀ má dára. Mo mọ̀ pé irú àdúà bẹ́ẹ̀ kò yẹ ẹni tó kírun kó tó kúrò nílé, síbẹ̀ mo gbà á.

Ní géètì gbọ̀ngàn náà, wọ́n ń yẹ báàgì wò. Ọkùnrin ẹ̀ṣọ́ kan tú aṣọ tí mo fi wé irin náà, ó sì gbé e sókè.

"Màmá, kí lẹ fẹ́ fi èyí gé níbí?"

"Irinṣẹ́ mi ni. Télọ̀ ni mí."

"Wọn ò gbà á wọlé o. Ẹ fi sílẹ̀ sọ́dọ̀ mi, ẹ máa mú un tí ẹ bá ń jáde."

Ó sọ ọ́ sínú dúrọ́ọ̀, ó tì í. Alùhámúdù ló bọ́ lẹ́nu mi. Bí mo bá gba ọ̀nà ibòmíràn jáde, ta ni yóò mọ̀? Màá ní wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi ní géètì, irọ́ pátápátá kò sì ní jẹ́. Báàgì mi fúyẹ́, ara mi náà fúyẹ́.

Inú ilé ṣókùnkùn, àfi ọ̀nà gígùn kan láàárín tí iná tàn sí. Ráńwéè ni wọ́n ń pè é, ibẹ̀ ni àwọn mọ́dẹ̀ẹ̀lì ń gbà kọjá kí èèyàn lè wo aṣọ ọrùn wọn. Gbogbo aṣọ tí ẹnì kan bá rán fún àfihàn kan, kọlẹ́ṣọ̀n rẹ̀ nìyẹn. Ní ilé, bí ẹnì kan bá wọ aṣọ tuntun kọjá, a óò dá a dúró, a óò fọwọ́ pa á, a óò bi í pé ta ló rán an, a óò sì ní yóò fi ìlera wọ̀ ọ́. Níbí, ẹni tó wọṣọ kò wo ẹnikẹ́ni. Wọ́n á jáde, wọ́n á le ojú koko, wọ́n á yí padà, ó tán.

Kọlẹ́ṣọ̀n àkọ́kọ́ jẹ́ ti ọkùnrin kan tó fẹ́ràn ìyẹ́ adìyẹ. Ìkejì, apá aṣọ gùn débi pé ó ń gbálẹ̀. Mo rí i pé ibi èjìká kò jókòó dáadáa, mo sì jókòó bí ọ̀gá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pe orúkọ Mojísọ́lá.

Àwọn mọ́dẹ̀ẹ̀lì tirẹ̀ jáde pẹ̀lú òṣùká lórí. Òṣùká! Èyí tí à ń fi ru igi, tí à ń sọ sílẹ̀ kí á tó wọ ilé. Àǹkárá tí oòrùn ti pa láwọ̀ dà ló fi rán aṣọ wọn, ó so ègé mọ́ ègé, ó ká ìró sókè orúnkún bí àwọn obìnrin Akínyẹlé ṣe máa ń ká a bí wọ́n bá ń fọ ẹ̀gẹ́ létí odò. Bí o bá wọ irú rẹ̀ lọ síbi ìsọmọlórúkọ lọ́dọ̀ wa, ìdí àdògán ni wọ́n máa ní kó o lọ jókòó. Níbí, àwọn èèyàn dìde dúró, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Aṣọ náà sì dára. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn. Èjìká jókòó, ọrùn jókòó, ègé kọ̀ọ̀kan wà níbi tó yẹ ẹ́. Ara mi gbóná. Láti kékeré ni mo ti ń ru òṣùká. Ojoojúmọ́ ni mò ń rí ìró kíká yẹn. Kí ló dé tí kò fi sí lójú èmi pé aṣọ ni?

Ìgbà yẹn ni ojú mi lọ sí etí aṣọ. Òwú funfun gbọọrọ ni mo rí níbẹ̀, táàkì, òwú tí a fi ń di ìṣẹ́tí mú títí a ó fi fi ẹ̀rọ rán an. Kò rán an! Ti ẹni tó tẹ̀ lé e náà, táàkì. Gbogbo wọn, táàkì. Ohun tójú ń wá lojú ń rí. Inú mi dùn débi pé mo tọ́ obìnrin tó jókòó tì mí.

"Ẹ wo etí aṣọ yẹn. Kò tíì rán an tán!"

Obìnrin náà wò mí pẹ̀lú àánú. "Sítáì ẹ̀ nìyẹn, mà. Gbogbo aṣọ ẹ̀ ló máa ń rí bẹ́ẹ̀. Òun gan-an ni wọ́n ṣe ń rà á lówó ńlá."

Nígbà tó parí, wọ́n mú mi lọ sẹ́yìn, Mojísọ́lá sáré dì mọ́ mi, ó ń pè mí ní Ṣìfá bí ó ti máa ń pè mí tẹ́lẹ̀. Òórùn rẹ̀ ń ta sánsán. Mo fi ohùn dídùn sọ ọ̀rọ̀ kíkorò.

"Mojí, aṣọ ẹ dáa o. Ṣùgbọ́n o ò ṣẹ́tí wọn tán?"

Ó wo ẹ̀yìn, ó wo iwájú, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìwọ náà lò ń bi mí bẹ́ẹ̀? Ta ló máa ń ṣẹ́tí aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù Ìyá Ọ̀gá?"

Ìgbà náà ló yé mi. Ní ṣọ́ọ̀bù wa, ọmọ iṣẹ́ lè gé aṣọ, ó lè so apá, ó lè fi síìpù sí i, ṣùgbọ́n kì í ṣẹ́tí. Táàkì ló máa fi dì í, á gbé e sórí tábìlì, Ìyá Ọ̀gá ni yóò fi ọwọ́ ara wọn rán ìṣẹ́tí náà, kí aṣọ lè jẹ́ ti ọ̀gá. Ọjọ́ tí o bá gba fríìdọ̀mù ni o kọ́kọ́ ń ṣẹ́tí.

"N ò gba fríìdọ̀mù," Mojísọ́lá ní. "Ta ló fún mi láṣẹ? Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ níbí, ṣe ni àwọn oníbàárà máa ń gbé e lọ fún télọ̀ mìíràn kó bá wọn parí ẹ̀. Nígbà tó yá, ẹnì kan wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀ jáde, wọ́n ní ó rẹwà. Bó ṣe di sítáì nìyẹn. Ìyá Ọ̀gá ńkọ́? Kí ni wọ́n ní kó o sọ fún mi?"

Mo ní, "Wọ́n ní kí n kí ọ."

"Ìyẹn nìkan?"

"Ìyẹn nìkan."

Ojú rẹ̀ bọ́. Oníkámẹ́rà kan dé, ó ń fi gẹ̀ẹ́sì bi í léèrè òwú funfun, Mojísọ́lá sì ń fi gẹ̀ẹ́sì dá a lóhùn tẹ̀ríntẹ̀rín. Ṣùgbọ́n mo rí ọwọ́ rẹ̀. Ó ń lọ́ téèpù ọrùn rẹ̀ mọ́ ìka, bó ti máa ń ṣe nígbà tí Ìyá Ọ̀gá bá pariwo mọ́ wa. Mo lọ jókòó síbìkan. Wọ́n gbé àwo kan kọjá, àkàrà tí kò ju èékánná lọ ni wọ́n tò sínú rẹ̀, mo mú mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan. Omi ike kékeré kan, ẹgbẹ̀rún méjì náírà, owó àpò píọ̀wọ́tà mélòó kan ní Mọ́níyà. Mo mu ún bí oògùn. Mojísọ́lá ní Èkó, ó ní òkìkí, ó ní ìbàdí tẹ́ẹ́rẹ́. Fríìdọ̀mù nìkan ni mo fi jù ú. Bí mo bá gbé ìyẹn náà fún un, kí ló kù fún mi?

Nígbà tí ó ní ká máa lọ sílé òun, ó ní ọkọ̀ òun wà ní ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn. Ọ̀nà tí mo ti ń wá gan-an nìyẹn. Mo ti gbé ẹsẹ̀ kan. Ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Ojú Ìyá Ọ̀gá ti di bàìbàì lóòótọ́, ṣùgbọ́n etí wọn kò di. Bí wọ́n bá bi mí pé, "Ó kúnlẹ̀?", ohùn wo ni màá fi dáhùn?

Mo ní, "Mo gbàgbé nǹkan kan ní géètì."

Mojísọ́lá tẹ̀ lé mi lọ síbẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ náà ṣí dúrọ́ọ̀. "Màmá, irin yín rèé." Kí ó tó gbé e lé mi lọ́wọ́ ni Mojísọ́lá ti dá a mọ̀. Ó dúró gbagidi. N kò tíì sọ nǹkan kan tí ó fi kúnlẹ̀ sórí kọnkéré pẹ̀lú aṣọ olówó ńlá ọrùn rẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, nígbà tó rí i pé ó ń sunkún, ó bọ́ fìlà.

Mo na irin náà sí i. Ó di orí kan mú, mo di èkejì mú, ọwọ́ mi kò sì fẹ́ jọ̀wọ́ rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ àdúà náà bí Ìyá Ọ̀gá ti gbà á fún mi: ọwọ́ rẹ kò ní gbẹ, òwú rẹ kò ní já lójú abẹ́rẹ́, ẹni tó bá wọ aṣọ rẹ kò ní fi ṣọ̀fọ̀, Ọlọ́run á fi àlùbáríkà sí i. Ẹ̀ṣọ́ náà ń ṣe àmín ju Mojísọ́lá lọ. Ẹnu mi ló gbàdúà yẹn o. Ọkàn mi kò bá a lọ. Ṣùgbọ́n mo jọ̀wọ́ irin náà.

Ní ìrọ̀lẹ́, nílé rẹ̀, ó mú gáùnù gbàgẹ̀rẹ̀ kan nínú kọlẹ́ṣọ̀n náà, ó fi àlùmọ́gàjí gé táàkì rẹ̀, ó jókòó sídìí ẹ̀rọ. Ó ń rán ìṣẹ́tí náà díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí gbogbo Èkó ń pàtẹ́wọ́ fún kò tíì ṣẹ́tí aṣọ rí láyé rẹ̀. Ó ká gáùnù náà, ó gbé e fún mi. "Mú un fún Ìyá Ọ̀gá. Sọ fún wọn pé mo ti parí ọ̀kan."

"Àwọn tó kù ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Àwọn tó ń rà á, táàkì ni wọ́n fẹ́."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo wọ ọkọ̀ ojú irin padà. Owú kì í sanwó ọkọ̀. Ó bá mi lọ, ó sì bá mi bọ̀. A kò tíì dé Abẹ́òkúta tí mo fi tú gáùnù náà sórí itan mi, tí mo yẹ ìṣẹ́tí rẹ̀ wò. Ó wọ́! Ó lọ sápá ọ̀tún, ó padà sápá òsì bí ipa ẹsẹ̀ ọ̀mùtí. Mo rẹ́rìn-ín títí ẹni iwájú mi fi yíjú wò mí. Oúnjẹ ọjọ́ náà dùn lẹ́nu mi.

Láti ibùdó ọkọ̀, ọ̀dọ̀ Ìyá Ọ̀gá ni mo gbà lọ tààrà.

"Ó kúnlẹ̀?" wọ́n ní.

"Ó kúnlẹ̀, Ìyá. Orí kọnkéré."

Mo gbé gáùnù lé wọn lẹ́sẹ̀. Wọ́n fi àtàǹpàkò tọ ìṣẹ́tí náà díẹ̀díẹ̀, yípo. Wọ́n dúró níbì kan.

"Ó wọ́."

"Ó wọ́ gan-an, Ìyá," mo tètè dáhùn. "Ẹ jẹ́ kí n tú u, kí n bá yín tún un rán."

Wọ́n fa aṣọ náà mọ́ra. "Fi sílẹ̀."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Láti ìgbà tí mo ti gba fríìdọ̀mù ni mo ti ń ránṣọ fún Ìyá Ọ̀gá. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí wọn kò ní kí n tú létí kan, bó ṣe ọrùn, bó ṣe apá. Mo máa ń tú u, mo máa ń tún un rán. Ẹ̀kọ́ tí ìrìn àjò yẹn kọ́ mi nìyẹn: ẹni tó wà nítòsí ni wọ́n ń ní kó tú u, ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn padà, wọ́n á wọ wíwọ́ rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n, kò sì tíì dùn mọ́ mi.

Ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀, wọ́n wọ gáùnù náà lọ sí mọ́sálásí. Èmi ni mo dì wọ́n lọ́wọ́ mú lójú ọ̀nà. Ìṣẹ́tí wíwọ́ yẹn ń jó níwájú mi ní gbogbo ìgbésẹ̀. Àwọn obìnrin dá wa dúró, wọ́n fọwọ́ pa aṣọ náà, wọ́n ní, "Ìyá, aṣọ yín mà dára o! Ta ló rán an?"

"Ọmọ iṣẹ́ mi ni," Ìyá Ọ̀gá dáhùn, inú wọn ń dùn.

Gbogbo wọn yíjú sí mi. "Ṣìfáwù, o káre! Ọwọ́ ẹ kò ní gbẹ!"

Mo ní, "Èmi kọ́ o. Mojísọ́lá ni. Òun náà ti gba fríìdọ̀mù."

Ìyá Ọ̀gá rọra tẹ̀ mí lọ́wọ́, wọ́n rò pé inú rere ló mú mi sọ ọ́. N kò kàn fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní Mọ́níyà rò pé èmi ni mo rán ìṣẹ́tí wíwọ́ yẹn.